Ẹni Tó Pa Wáyà Tó Ti Kú

Kókó orí wáyà náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n ta á ní ìlọ́po méjì, wọ́n fà á le dáadáa, wọ́n sì gé etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: òmùgọ̀ ló ta á.

Àǹtí Kínìdí lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú koríko tútù, ó ń wò ó bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. Orúkọ tí àwọn ọlọ́pàá sọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin yìí nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá kí i pé "ẹ káàárọ̀, mà" kò ní í sọ ọ́ tán tí yóò fi bi í pé kí ló dé tó fi tètè jí. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé irọ́ kì í bí i nínú mọ́. Irọ́ tí wọn kò fi làákàyè pa ló ń bí i nínú.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wí. "Ẹjọ́ yìí ti parí. Olè wà lọ́wọ́ wa. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sẹ́wọ̀n ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí."

"Ta ló parí ẹjọ́ náà?"

"Èmi ni, mà."

"Mo ti fura."

Sájẹ́ǹtì rò pé ìyìn ni. Ó gbé àyà sókè, ó tún ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ àná, abo màlúù mẹ́rin, olóyún ni gbogbo wọn, pòórá nínú pápá yìí. Ọgbà oníná ló yí pápá náà ká, wáyà tó ń tani bí àkeekèé, tí ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ilé ń fi iná ránṣẹ́ sí kí ẹran má baà jáde. Ní ìsàlẹ̀ pápá, ẹnìkan yọ wáyà kúrò lára òpó, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì da àwọn màlúù kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e padà sórí òpó. Máníjà oko ní ojú òun ló ṣe. Ó ní adamàlúù tó ń tọ́jú wọn ló kó wọn. Ó ní òun sáré dé ibẹ̀, òun gbá wáyà mú láti fi dínà, iná gbé òun lulẹ̀, ó sì jó òun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tú àpò adamàlúù wò, ẹ̀mú àti kílípù irin kékeré kan ló jáde níbẹ̀.

"Èyí tó dùn jù nìyí, mà." Ẹ̀rín ti ń gbọn Sájẹ́ǹtì. "Ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wáyà ìsàlẹ̀ yìí ti kú tipẹ́. Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ pé ó ti kú, ìyẹn ló fi ráyè kó ẹran jáde. Ẹnu rẹ̀ ló pa á."

"Wáyà tó ti kú ló gbé Máníjà lulẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà. Ó tún dé e padà.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé fìlà nìkan lo ń fi orí yìí gbé ni?"

Àǹtí Kínìdí já ewé koríko gígùn kan. Ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan wáyà ní ọ̀tún kókó, níhà ibi tí ẹ̀rọ wà. Ọwọ́ rẹ̀ ta. Ó sún ewé náà síwájú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tún ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá gbé ewé kan náà lọ sí òsì kókó. Kò sí nǹkan kan. Ó ju ewé nù, ó na ọwọ́ lásán.

"Màdáámù!" Sájẹ́ǹtì dijú.

Nígbà tó lajú, obìnrin náà ti di wáyà mú gbágbáágbá bí okùn ìsáṣọ, ó sì ń fi ìkótí irun tó wà lọ́wọ́ kejì tú inú kókó wò. Wáyà náà kì í ṣe irin lásán. Okùn ọ̀rá funfun ni, tí wọ́n hun fọ́nrán irin tín-tìn-tín mọ́ nínú. Àwọn fọ́nrán yẹn ló ń gbé iná. Ọ̀rá kò gbé nǹkan kan. Nínú kókó, gbogbo fọ́nrán ti já wẹ́wẹ́, ọ̀rá nìkan ló dì mọ́ ọ̀rá.

"Wò ó," ó wí. "Iná dé ibí, ó kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó ta kókó yìí rò pé ewúrẹ́ lòun ń so."

* * *

Yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ ẹran sí ni wọ́n ti adamàlúù mọ́, láàárín àwọn àpò èèrí ọkà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rọ ti ẹnu.

"Ta tún ni eléyìí?" ó bú jáde. "Ṣé ọlọ́pàá ti tán ni wọ́n fi lọ gbé ìyá àgbà wá?"

"Èébú yẹn ò mú," Àǹtí Kínìdí fèsì, ó jókòó lórí àpò kan. "Máa ronú sí òmíràn bí mo ṣe ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Ta ló ta kókó ìsàlẹ̀ pápá?"

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Máníjà ni. Ọ̀dọ́ màlúù kan ló sáré já wáyà. Ẹ ì bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Ó pè wá jọ pé ká wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin. Ó ní kókó òun kò ní í tú títí ayé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà yún ọrùn bí ẹni ń fi kànrìnkàn wẹ̀. Mo lọ bá a. Mo ní wáyà yìí ti kú o. Ẹ mọ èsì tó fọ̀?"

"Sọ ọ́."

Adamàlúù fa ètè gùn, ó sín ohùn Máníjà jẹ: "'Ìwọ tó jẹ́ ilé ẹran lò ń sùn, kí lo mọ̀ nípa iná?' Mo fọwọ́ ara mi lọ ra kílípù tí wọ́n fi ń so ó. Ó ní bí mo bá fọwọ́ kan kókó òun, kí n máa lọ sílé bàbá mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyá olóko?"

"Kí n lọ fẹjọ́ ọkọ sun ìyàwó? Mi ò tíì ya wèrè."

Òótọ́ ló sọ. Máníjà jẹ́ àbúrò ọkọ ìyá olóko, ọkọ tó ti di olóògbé. Ìyá náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni ẹran, síbẹ̀ "ọkọ mi" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń lò fún un. Ẹni tí olówó oko ń kúnlẹ̀ kí, adamàlúù wo ló máa pè é ní òpùrọ́?

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èébú ti kúrò lóhùn rẹ̀.

"Èyí tó ní àmì funfun níwájú orí nínú wọn, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ dábùú ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yí i. Èyí tó wà níkùn rẹ̀ báyìí lè wá lónìí, ó lè wá lọ́la, ẹni tó kó o kò sì mọ̀ ọ́n gbẹ̀bí. Ẹ gbé mi lọ sẹ́wọ̀n bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi wá a rí."

"Kí ọkọ̀ yẹn tó dé," Àǹtí Kínìdí wí, ó ń gbọn èèrí kúrò láṣọ, "gbìyànjú kí o má bú ẹlòmíràn."

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn."

* * *

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì ti rí olè tuntun. Ó ní bí wáyà bá kú lóòótọ́, a jẹ́ pé oníwáyà ló mọ̀ọ́mọ̀ ta òkú wáyà fún wọn, kí òun àti adamàlúù lè jọ pín ẹran. Bó ṣe wọ ìsọ̀ báyìí, láàárín àwọn wáyà kíká tó so kọ́ látòkè délẹ̀ bí ọrùka òmìrán, ó na ìka sí ọkùnrin sísanra tó jókòó sídìí tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ ta wáyà tó ti kú fún wọn lóko yẹn!"

Oníwáyà wò ó látòkè délẹ̀, ó wá yíjú sí Àǹtí Kínìdí. "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin lẹ ni eléyìí?"

"Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni. Ẹ sọ fún mi bí Máníjà ṣe ra wáyà."

"Áà!" Oníwáyà fa àga súnmọ́ iwájú. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún tipẹ́. "Nígbà tó wọlé síbí, mo bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́? Ó ní màlúù. Mo ní pápá tó máa wà lójú kan ni, àbí èyí tí ẹ̀ẹ́ máa sún kiri? Ó ní ojú kan. Mo ní ó tán, wáyà irin líle nìyí, wọ́n ti rì í sínú sínkì kó má baà dípẹtà. Ẹ bá mi fà á kó le, ọmọ yín á bá a níbẹ̀. Okùn ọ̀rá yìí, ẹni tó fẹ́ máa pín koríko fún ẹran díẹ̀díẹ̀ ló wà fún. Ẹ ta á lónìí, ẹ ká a lọ́la. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní funfun ló wu òun. Funfun! Bí ẹni tó fẹ́ rán agbádá!"

"Kò béèrè wáyà ẹlẹ́gùn-ún?"

"Ó béèrè! Ó ní kí n bá òun fi iná sí i. Mo ní bí ẹran bá há sínú ẹ̀gún, tí iná ń gbá a, tí kò lè já ara rẹ̀ gbà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ tú u? Ó ní mo ń bẹ̀rù jù."

"Síso rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ ọwọ́. Mo ní bó bá já, ẹ tú ọ̀rá, ẹ wá fọ́nrán inú rẹ̀ rí, irin ni kó kan irin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi kílípù dì í. Ó ní òun ti ń so ẹran mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí mi." Oníwáyà pòṣé. "Adamàlúù wọn ló padà wá ra kílípù. Òun náà bú mi o. Ṣùgbọ́n ó rà á."

Ní ẹnu ọ̀nà, Àǹtí Kínìdí dúró. "Sájẹ́ǹtì, olè kejì ti sá lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé ó ku òmíràn lápò?"

"Ṣùgbọ́n mà," Sájẹ́ǹtì rọra wí, "bí adamàlúù bá lọ ra kílípù, ó ṣáà mọ̀ pé wáyà ti kú."

"Ó mọ̀. Di ọ̀rọ̀ yẹn mú, má jẹ́ kó jábọ́. Òun nìkan ni ohun ọlọ́gbọ́n tó ti jáde lẹ́nu rẹ láti àárọ̀, o ò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí."

* * *

Ìyá olóko jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ìwé àdúrà wà lórí itan rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri ni ìró kan ti ń wọlé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná ta tábìlì: tá… tá… tá…

"Ẹ̀rọ wáyà nìyẹn," ìyá náà wí. "Ó ti mọ́ mi lára. Bí kò bá dún, mi ò lè sùn."

"Ẹ sọ àárọ̀ àná fún mi, Ìyá. Ẹ yọwọ́ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ohun tí etí yín gbọ́ ni mò ń fẹ́."

"Kí ni mo gbọ́? Mo jí ní àfẹ̀mọ́jú, mo ń ka ìwé àdúrà mi. Láàárín àdúrà, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo ní iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ nìyẹn. Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń kàwé nínú òkùnkùn?"

"Òkùnkùn kẹ̀? Gílóòbù mi ń tàn."

Sájẹ́ǹtì, tó ti ń wo àwòrán ara ògiri, yíjú padà.

"Ó ń tàn nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́?" Àǹtí Kínìdí béèrè.

"Kò ṣẹ́jú rárá."

Ilẹ̀kùn ṣí láìsí pé ẹnikẹ́ni kàn án. Máníjà ló wọlé, ó fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún. "Ìyàwó wa, ṣé àwọn wọ̀nyí ò tíì lọ ni? Ẹni tó jalè wà nílẹ̀, wọ́n tún ń da àgbàlagbà láàmú."

Ìyá olóko dìde fún un. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ìbéèrè díẹ̀ ni."

Àǹtí Kínìdí kò wo ojú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ti kùn ún tó ń dán bíi dígí, ṣùgbọ́n ẹni tó kùn ún gbàgbé ojú rírán, eruku pupa sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ilẹ̀ oko yìí dúdú láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ pápá.

Nígbà tí Máníjà jáde, Àǹtí Kínìdí bi ìyá olóko pé níbo ni ilẹ̀ pupa wà nítòsí.

"Lódìkejì odò kékeré yẹn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi olóògbé ti máa ń sun bíríkì. Ó ti di ahoro. Ta ló tún ń lọ síbẹ̀?"

Àǹtí Kínìdí sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Sájẹ́ǹtì, òun náà sì sáré jáde lọ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

* * *

Àǹtí Kínìdí kó gbogbo wọn dé ìdí kókó. Adamàlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n yóò gbà dé.

"Ẹ fi ibi tí ẹ gbá mú hàn mí," Àǹtí Kínìdí sọ fún Máníjà.

"Ibí." Òsì kókó ló nàka sí.

"Ó gbé yín lulẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni mo fi kanlẹ̀."

"Ẹ tún un gbá mú."

"Ṣé orí mi dàrú ni? Iná nìyẹn, màdáámù. Ẹ̀yin obìnrin ò mọ ohun tí iná ń ṣe."

Àǹtí Kínìdí fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà náà mú. Ó tilẹ̀ fara tì í, bí ẹni tó fẹ́ bá aládùúgbò tàkúrọ̀sọ. Ìyá olóko fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bóyá… bóyá wọ́n ti pa ẹ̀rọ," Máníjà wí.

"Ẹ tẹ́tí."

Láti ẹ̀yìn ilé, ó ń dún: tá… tá… tá…

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Kókó yín ni kò ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti pe àwọn èèyàn wá wò ó, iná kò kọjá ibí yìí rí."

"Nítorí náà, irọ́ ló pa!" Sájẹ́ǹtì kígbe.

"Rọra, Sájẹ́ǹtì. Irọ́ kékeré nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó yíjú sí wọn. "Ní àfẹ̀mọ́jú àná, ẹ̀rọ yìí dákẹ́, ó sì tún dún. Gílóòbù Ìyá kò kú, a jẹ́ pé iná kò lọ. Ọwọ́ èèyàn ló pa ẹ̀rọ. Olè ló pa á, kí wáyà má baà ta òun. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo adamàlúù. Ó mọ̀ pé wáyà ìsàlẹ̀ ti kú. Ó pariwo rẹ̀, ó ra kílípù nítorí rẹ̀, Sájẹ́ǹtì pàápàá jẹ́rìí sí i. Bí òun bá ni olè, kí ló ń wá lọ sídìí ẹ̀rọ, lẹ́yìn ògiri ìyá tó ti jí? Ta ló ń pa òkú?"

Ó yíjú sí Máníjà.

"Ẹni tó rò pé ó ṣì wà láàyè ni. Ẹnìkan ṣoṣo sì ni wọ́n wá bá, tí wọ́n sọ fún ní ojúkojú pé wáyà yìí ti kú, tó kọ̀ tí kò gbà gbọ́, nítorí pé ẹnu ẹni tó ń sùn nílé ẹran ni ọ̀rọ̀ ti jáde."

Adamàlúù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú.

"Ìyàwó wa," Máníjà wí, òógùn ti bò ó, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí mi? Ọwọ́ mi tó jó ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí." Àǹtí Kínìdí fa báńdéèjì kúrò kí ó tó lè fawọ́ sẹ́yìn. Ojú iná náà dábùú àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. "Wáyà yìí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Báwo ló ṣe jó yín fẹ̀ tó báyìí? Iná inú ọgbà kì í jóni, Máníjà. Á gbáni, á sinmi, á tún gbáni. Kì í dúró pẹ́ débi tó máa jóni lọ́wọ́. Irin gbígbóná lẹ dì mú, irú èyí tí wọ́n fi ń sàmì sára màlúù, ẹ sì gbàgbé láti fi àkísà dì í."

Fóònù Sájẹ́ǹtì dún. Ó gbọ́, ojú rẹ̀ là. "Wọ́n ti rí wọn, mà! Níbi ìsunbíríkì. Eérú ṣì gbóná. Àmì tuntun wà lórí àmì oko lára mẹ́ta. Ìkẹrin dùbúlẹ̀, kò lè dìde. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ síta, èkejì ò tẹ̀lé e."

"Ẹ tú mi!" Adamàlúù na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ tú mi báyìí! Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fà á o! Kí ọ̀dẹ̀ kankan má fà á!"

Sájẹ́ǹtì tú àpò rẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tí ọkùnrin náà ti fò kọjá wáyà, ó ń sáré lọ sí odò.

Ìyá olóko bọ́ síwájú. Ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀ láti orí dé bàtà.

"Ìwọ," ó wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Máníjà fà sẹ́yìn bí ẹni tí wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ní tòótọ́.

"Mo fẹ́ dá oko tèmi náà sílẹ̀ ni," ó kùn. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó tún gbé orí sókè. "Ẹ wí ohun tó wù yín. Kókó mi ò ṣáà tú."

"Òótọ́ ni," Àǹtí Kínìdí dáhùn. "Kókó ò tú. Àṣírí ló tú."

* * *

Ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n dé lọ́sàn-án bí wọ́n ti pè é, kò sì padà lófo.

Ní ìrọ̀lẹ́, adamàlúù da àwọn màlúù padà gba ìsàlẹ̀ pápá wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá, ọmọ màlúù kan tó ṣì tutù wà léjìká rẹ̀, ìyá alámì funfun ń fi imú tì í lẹ́yìn. Ó rí Àǹtí Kínìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

"Ìyá àgbà, ẹ ṣì wà níbí? Ṣé ẹ ò nílé ni?"

"Kílípù rẹ nìyí. Ẹ̀mú rẹ náà nìyí."

Ó gbé ọmọ màlúù sílẹ̀, ó lọ pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé, ó padà wá. Ó gé kókó Máníjà kúrò, ó jù ú sínú igbó láìwẹ̀yìn. Ó tú ọ̀rá lórí méjèèjì, ó wá fọ́nrán irin jáde, ó fi irin kan irin, ó sì fi kílípù dì í mọ́ra. Kò sọ pé ẹ ṣeun. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ tan ẹ̀rọ padà.

Sájẹ́ǹtì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ó súnmọ́ ọgbà, ó rọra fi ìgúnpá tì í bó ti rí ọ̀gá rẹ̀ ṣe.

"Ohun tó wà nídìí wáyà tó ti kú yìí, mà, ni pé…"

Nígbà tí wọ́n máa rí i, ó ti nà gbalaja nínú koríko, fìlà rẹ̀ ń yí lọ.

Àǹtí Kínìdí bẹ̀rẹ̀, ó gbé fìlà náà, ó wo inú rẹ̀. Ó ṣófo.

"Mo ti fura," ó wí.